Àrọ Tó Ń Gbé Eruku Mì

Lọ́jọ́ tí Kùdírátù ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Ọláìtán kò gbọ́ igbe kankan. Ayùn oníná tó wà níwájú rẹ̀ ń han gooro, pákó ìrókò ń là sí méjì, eruku sì ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Gbádé, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló gbá a léjìká lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó paná ayùn ló tó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn.

"Káfíńtà! Wá wo ohun tí o fi eruku ẹ ṣe!"

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni ṣọ́ọ̀bù àwọn méjèèjì wà, lójú ilé kan náà. Ògiri pákó kan ló là wọ́n láàárín, ògiri náà kò sì kan òrùlé. Ohun tó bá gbéra lọ́dọ̀ káfíńtà, orí ògiri yìí ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ Kùdírátù aránṣọ.

Ọláìtán bá Kùdírátù níjòókòó nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tilẹ̀, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Àyà rẹ̀ ń dún fíì, fíì, bíi fèrè tí ẹnu rẹ̀ dí. Ikọ́ fée ti ń bá a jà láti kékeré, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí i kí ètè rẹ̀ dúdú bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin méjì ń fi aṣọ fẹ́ ẹ, bí wọ́n sì ti ń fẹ́ ẹ ni eruku tó bà sórí aṣọ àwọn oníbàárà ń gbéra sókè.

"Ẹ má fẹ́ ẹ mọ́!" Ọláìtán pariwo. Ó gbé e lápá, Gbádé gbé e lẹ́sẹ̀, wọ́n gbé e bọ́ síta, wọ́n dá takisí dúró, ó di ọsibítù.

Ìrọ̀lẹ́ ni Síkírù ọkọ Kùdírátù dé. Iṣẹ́ panẹ́lì-bítà ló ń ṣe ní Muṣin, ó ń lu ara ọkọ̀ tó bá rún títí tí yóò fi tẹ́jú. Ó kéré sí Ọláìtán lọ́jọ́ orí, kò sì fi nǹkan mìíràn pè é rí ju Ẹ̀gbọ́n lọ. Lọ́jọ́ náà, kò kí i.

"Ọláìtán," ó ní, "dókítà sọ pé tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú là bá gbé wọlé. Ṣé o gbọ́ mi? Òkú."

"Síkírù, mo gbọ́. Jọ̀ọ́, mo bẹ̀ ọ́..."

"Má bẹ̀ mí. Tí mo bá tún gbọ́ ìró ayùn yẹn, màá fi òòlù mi fọ́ ọ. Tí mo bá bá ọ nídìí rẹ̀, màá fọ́ ìwọ náà mọ́ ọn."

Bàbá onílé kò pariwo ní tirẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka méjì sókè. "Ọ̀sẹ̀ méjì. Kí eruku tán, tàbí kí ìwọ kó jáde."

Ọláìtán kì í ṣe ọ̀dájú. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ayùn ọwọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, láti ìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kò sì sẹ́ni tó fi ẹ̀sùn eruku kàn án rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba sọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, àwọn ọmọ kún kíláàsì dẹ́nu, wọn kò rí bẹ́ǹṣì jókòó lé. Iléèwé kan ní Sùúrùlérè ní kó bá àwọn ṣe ọgọ́fà bẹ́ǹṣì, kó sì kó wọn dé kí sáà kejì tó wọlé. Ọwọ́ lásán kò lè ṣe é. Ó ra ayùn oníná àti ẹ̀rọ ìfági. Ọyẹ́ wá mú gan-an lọ́dún náà, gbogbo nǹkan gbẹ táútáú, eruku pákó sì ń fò bíi pé ó ní ìyẹ́.

Ó gbìyànjú. Ó wọ́n omi sílẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó so àpò ìrẹsì dí òkè ògiri, eruku gba ojú àpò kọjá. Ó gbé pákó lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ fi ayùn ọwọ́ là á, ọjọ́ mẹ́rin lọ, bẹ́ǹṣì méje péré ló jáde. Kùdírátù ti kúrò ní ọsibítù, àmọ́ ilé ló wà, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ rẹ̀ ń sùn. Ọláìtán kò lè wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó tì pa lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ karùn-ún ni ìyàwó rẹ̀ rán an lọ ra oúnjẹ adìẹ ní Muṣin. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Àmúdàtù ló ni ẹ̀rọ tó ń lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ọláìtán ti ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà púpọ̀ láìgbé ojú sókè. Lọ́jọ́ yìí, ohun kan ṣe é ní kàyéfì. Àgbàdo ń bọ́ sínú ẹ̀rọ, ó ń di lẹ́búlẹ́bú, ẹ̀rọ náà ń ké bí ẹranko, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ó wòkè. Àrọ gìrìwò kan tí wọ́n fi páànù ṣe ló so rọ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ tín-ín-rín, àpò sì wà nídìí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, kí ni àrọ yẹn ń ṣe?"

"Ìyẹn?" Àmúdàtù fi ìka yí afẹ́fẹ́ po. "Fáànù ló ń ti ìyẹ̀fun wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Á máa yí níbẹ̀ bí ààjà. Èyí tó bá wúwo á fara gbá ẹ̀gbẹ́ àrọ, á yọ̀ wálẹ̀ sínú àpò. Afẹ́fẹ́ á gba òkè bá tiẹ̀ lọ."

Ọláìtán dúró, oúnjẹ adìẹ lọ́wọ́. Ó rí eruku pákó nínú àrọ náà bí ẹni rí i lójú àlá.

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Síkírù ni. Panẹ́lì-bítà tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí níbí. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ kó má jò."

Ìdùnnú tó ń bọ̀ lójú Ọláìtán kú síbẹ̀.

Ó rìn lọ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó rìn padà. Ó tún lọ. Síkírù wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn takisí kan, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ Ọláìtán kó tó rí ojú rẹ̀, ó sì ń lu páànù lọ.

"Síkírù, mi ò wá tọrọ ìdáríjì. Mo rí àrọ tí o ṣe fún Ìyá Àmúdàtù. Mo fẹ́ kí o bá mi ṣe irú ẹ̀ fún eruku pákó."

Òòlù dúró. "Kí ìyàwó mi má lè mí, kí èmi wá fi ọwọ́ ara mi ṣe nǹkan tí wàá fi máa bá iṣẹ́ lọ?"

"Tí mo bá kó kúrò, eruku náà ni màá gbé lọ bá ìyàwó ẹlòmíràn."

Síkírù dìde. Ó ga ju Ọláìtán lọ. Ó súnmọ́ ọn débi tí Ọláìtán fi ń gbóòórùn ọ̀dà tó wà lára aṣọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Ọláìtán kò sún sẹ́yìn.

"Màá wá lọ́la," Síkírù sọ níkẹyìn. "Tí kò bá ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi ni màá da ẹrù rẹ síta. Mi ò ní dúró de Bàbá onílé."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò sì sọ tó ogún ọ̀rọ̀ síra wọn tí kì í ṣe ti iṣẹ́. Síkírù gé àgbá epo méjì, ó tẹ́ wọn, ó lù wọ́n yí títí wọ́n fi di àrọ tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ọláìtán kan àgbékà onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó gbé àrọ náà dúró, ó gbé àgbá onídèérí sí ìdí rẹ̀, ó sì fi pákó líle ṣe ilé fún fáànù irin kan tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù. Páìpù kan gba abẹ́ ayùn, ó mú eruku wá sọ́dọ̀ fáànù, fáànù ń tì í wọ inú àrọ. Òmíràn gba òkè àrọ jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ibì kan ṣoṣo tí àyè wà fún àrọ náà ni ìdí ògiri tó bá ọ̀dọ̀ Kùdírátù pààlà. Síkírù wo ibẹ̀ pẹ́ kó tó gbà kí wọ́n gbé e síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tanná sí i, eruku fọ́n láti gbogbo oríkèé rẹ̀ bí omi inú agolo tó lu. Gbádé sá jáde. Síkírù dúró sínú eruku náà, ó ń fi ọwọ́ wá ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Wọ́n gé túùbù táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi dí ẹnu oríkèé, wọ́n fi ọ̀dà títì gbígbóná lẹ̀ ẹ́. Wọ́n tún tan án. Ọláìtán la pákó kan tán pátá, ó na ọwọ́ sábẹ́ ayùn, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ṣí àgbá, eruku ti bo ìdí rẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Síkírù, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Kùdírátù padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́bọ̀, ó fi gèlè di imú. Ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ dìde sá nígbàkigbà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó tú gèlè náà. Ọjọ́ mẹ́ta lọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ǹṣì ń jáde, ayùn ń ké, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ń dún lódìkejì ògiri.

Ó ku ọjọ́ kan kí ọ̀sẹ̀ méjì Bàbá onílé pé. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, Síkírù yà síbẹ̀ láti mú ìdè túùbù ẹnu oríkèé kan le. Gbádé ń gbá ilẹ̀, ó ń fi ọwọ̀ ti eruku lọ sí ẹnu páìpù kó lè fà á wọlé. Ìṣó kan wà nínú eruku náà. Gbogbo wọn gbọ́ ọ: kọ́n! irin lu irin nínú fáànù, ó tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó dákẹ́.

"Kí nìyẹn?" Síkírù béèrè.

"Ìṣó ni. Ó ti kọjá," ni Gbádé dáhùn.

Kò pẹ́ tí Ọláìtán fi gbóòórùn rẹ̀. Ó rò pé ayùn ló ń jó pákó. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí pákó. Òórùn náà kò lọ. Ó yíjú, ó rí èéfín tín-ín-rín kan tó ń yọ lára ìdè túùbù, ọ̀dà tó wà lára àgbá sì ti ń wú, ó ń hó. Ó fò lọ pa fáànù.

"Iná wà nínú ẹ̀!"

Síkírù ti dé ìdí àgbá, ó di ọwọ́ ìdérí mú. "Omi! Gbádé, gbé omi wá, ká ṣí i!"

"Má ṣí i!"

"Ìyàwó mi wà lẹ́yìn ògiri yìí!"

"Síkírù, má ṣí i!" Ọláìtán di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ìdílé tó ń sun èédú ni wọ́n ti bí mi. Iná tí o bá bò mọ́lẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń jẹ igi. Ìṣẹ́jú tí o bá fún un ní atẹ́gùn, ojú rẹ ló ń fò mọ́. Eruku pákó ló wà níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe igi. Á bú gbàù!"

Wọ́n wo ara wọn. Apá Síkírù le bí irin lọ́wọ́ Ọláìtán. Èéfín ti ń gba òkè ògiri, wọ́n sì gbọ́ Kùdírátù tó ń wúkọ́ lódìkejì, ikọ́ kan, ikọ́ kejì, lẹ́yìn náà fèrè àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Síkírù fi ìdérí sílẹ̀. Ó ń sá lọ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Kùdírátù fúnra rẹ̀ yọ sí wọn. Ó ti ki aṣọ gíní oníbàárà kan bọ inú korobá omi, omi ń ro tótótó lára rẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó ju aṣọ náà sí ọkọ rẹ̀ láyà, ó nàka sí ẹnu páìpù, ó sì yí padà, ó fi ọwọ́ kan di àyà mú, ó sọdá títì lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà.

Ọláìtán ya aṣọ náà sí méjì. Ó ki ọ̀kan bọ ẹnu páìpù abẹ́ ayùn. Síkírù gun orí tábìlì, ó já páìpù òkè àrọ, ó ki èkejì síbẹ̀. Èéfín dín kù, ṣùgbọ́n páànù náà ń gbóná sí i, ògiri pákó tó fara tì í ti ń dúdú.

"A ò lè fi í síbí," Síkírù ní. "A máa gbé e tàgbékà tàgbékà."

Wọ́n já páìpù kúrò lára fáànù, wọ́n tún fi aṣọ tútù dí ojú ibẹ̀. Ọláìtán àti Gbádé mú iwájú, Síkírù mú ẹ̀yìn níbi tí àgbá wà, ó fi àpò ìrẹsì wé ọwọ́. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ bọ́ sí i, ó di ẹsẹ̀ kẹrin mú. Ẹnu ọ̀nà há. Wọ́n gbé e fì sápá ọ̀tún, kò gbà. Wọ́n gbé e fì sápá òsì. Àpò yọ̀ kúrò lọ́wọ́ Síkírù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páànù gbígbóná. Ọláìtán gbọ́ bó ṣe fa èémí wọlé láàárín eyín.

"Sọ ọ́ kalẹ̀, Síkírù!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé e lọ! Ẹ máa lọ!"

Kò sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé e kọjá gọ́tà, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n sì sá sẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni Síkírù tó wo ọwọ́ rẹ̀.

Èrò pé jọ. Bàbá onílé dé pẹ̀lú ọ̀pá. "Kí lẹ ń wò? Ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ da omi sí i!" Ọ̀dọ́kùnrin méjì gbé korobá, wọ́n ń bọ̀. Ọláìtán lọ dúró láàárín wọn àti àgbá náà. Ooru rẹ̀ ń jó o lẹ́yìn.

"Ẹ da omi sí i lára. Lára nìkan. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìdérí, èmi ló máa kọ́kọ́ gbé ṣánlẹ̀."

"Ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí lórí ilẹ̀ mi?"

"Bàbá, ẹ foríjì mí. Kò sẹ́ni tó máa ṣí i."

Kò sẹ́ni tó ṣí i. Wọ́n ń da omi sí i lára, ó ń ṣe ṣàà, omi ń di èéfín funfun. Aago méjìlá lu, wọ́n ń dà á. Aago méjì lu. Wọ́n fi epo para ọwọ́ Síkírù, wọ́n ní kó lọ rí dókítà, ó ní ó di ìgbà tí òun bá rí inú ohun tí òun lù. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọláìtán gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àgbá náà, ó fi sílẹ̀ níbẹ̀, ó ka ogún. Ó tutù. Ó ṣí i. Eruku tó wà nínú rẹ̀ ti di èédú láti òkè dé ìdajì, ó dúdú, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Mo ti rí i," ni Bàbá onílé sọ. "Lọ́la, kí o kó. Èyí lo fẹ́ fi jó mi nílé."

Kùdírátù tó jókòó sórí àpótí lódìkejì títì ló dìde. Èémí rẹ̀ kò tíì balẹ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá, èmi leruku ń bá jà. Ọjọ́ mẹ́ta tí nǹkan yẹn fi ṣiṣẹ́, mi ò wúkọ́ rárá. Tẹ́ ẹ bá lé wọn lọ, ẹ̀ ń bọ̀ wá fi alágbẹ̀dẹ síbẹ̀, tàbí ẹlẹ́rọ ata. Èyí tó ti mọ ohun tó ń ṣe mí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Bàbá onílé wo ọwọ́ Síkírù, ó wo èédú, ó wo obìnrin náà. Ó ní kí wọ́n gbé ohun náà sí ẹ̀yìnkùlé, kó jìnnà sí igi ilé òun, kí àgbá omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sántòru. Ó kẹ̀yìn sí wọn, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Síkírù jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọwọ́ wíwé, ó ń sọ, Ọláìtán ń ṣe. Bí ìṣó ṣe lu fáànù ni iná fi ta, nítorí pé fáànù ni gbogbo nǹkan kọ́kọ́ ń bá pàdé. "Ẹ gbé e lọ sí òkè àrọ," Síkírù ní. "Kó máa fa afẹ́fẹ́ dípò kó máa tì í. Ìṣó á ti bọ́ sínú àgbá kó tó dé ibẹ̀." Ọláìtán ṣe é. Nígbà tí wọ́n tanná, fáànù fa afẹ́fẹ́ débi pé àgbá náà wọnú gbì bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì, fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n wá àgbá tó nípọn.

Bẹ́ǹṣì pẹ́ dé Sùúrùlérè ní ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀. Ọ̀gá iléèwé bínú, ó sì gbà wọ́n. Ikọ́ Kùdírátù kò tán pátápátá, nítorí ọyẹ́ náà ń fà á láìsí ọwọ́ káfíńtà níbẹ̀, àmọ́ kò tún sí ọjọ́ tí wọ́n fi takisí gbé e lọ sí ọsibítù. Ọwọ́ Síkírù jinná, àpá ibẹ̀ ń dán. Nígbà tí àwọn káfíńtà ní Yábàá àti Ṣómólú gbọ́, tí wọ́n ń wá wò ó, òun ló máa ń dá wọn lóhùn. Kó tó sọ bí wọ́n ṣe ń tẹ páànù, á kọ́kọ́ mú wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ wo ibi tí fáànù wà. Á dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi sọ ìdí tó fi wà lókè lẹ́nu ara wọn.